Nọ́ńbà Ara Irin Kọ́ Ni Ó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ Yorùbá wá sí Òkè Ọya fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjà ni ó ti máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kì í gbàgbé. Ní ilé, kóńgò ni ó fi ń ra ẹ̀wà àti gàrí. Ní ìhín, mudu ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀. Bí ó bá fi iye owó mudu wé iye owó kóńgò láì wo bí àwo méjèèjì ti tóbi tó, ìṣirò rẹ̀ kò lè pé láéláé. Kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa pé àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n máa ń lu ìdí òṣùwọ̀n wọnú: orúkọ òṣùwọ̀n kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbà ti dín kù. Àgbà ọjà kì í bèèrè orúkọ òṣùwọ̀n; inú rẹ̀ ni ó máa ń wò.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, irú ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti wọ pápá gọ́ọ̀fù, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí. Eré gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré òyìnbó nìkan mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba, ológun, dókítà, òṣìṣẹ́ báńkì àti oníṣòwò nínú wa ni wọ́n ń gbá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ní Kàdúná, ní Kánò, ní Jọ́s àti ní Àbújá. Orí pápá náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti di ará ilé láàárín àwọn tí a bá ní ìlú. Nítorí náà, ohun tí ó bá ń dà wá láàmú níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán.

Ohun náà ni irin tuntun tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń polówó pé ó ń mú bọ́ọ̀lù lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tí ó bá rà á ni ó ń ròyìn pé irin 7 òun ti di ohun ìyanu. Èrò tèmi ni pé irin náà ní àǹfààní tirẹ̀, n kò ní pa á mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ó lọ jìnnà kò ṣe ẹni tí kò mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí ní oore kankan. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìdí irin kò sì yẹ ní ohun tí bàbá ọlọ́mọ ń fi owó ńlá rà.

Fún àǹfààní àwọn tí kò tíì di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Ojú irin kọ̀ọ̀kan tẹ̀ sẹ́yìn, dígírì ni a sì fi ń wọn bí ó ti tẹ̀ sẹ́yìn tó. Bí ojú irin bá tẹ̀ sẹ́yìn púpọ̀, bọ́ọ̀lù yóò gòkè fíofío, kò sì ní lọ jìnnà. Bí ojú irin bá nàró, bọ́ọ̀lù yóò fò nílẹ̀nílẹ̀, yóò sì jìnnà. Èyí tí ó nàró ni a ń fún ní nọ́ńbà kékeré bíi 4 àti 5; èyí tí ó tẹ̀ sẹ́yìn ni 8 àti 9; àwọn tí wọ́n sì tẹ̀ sẹ́yìn jù lọ, àwọn ni a ń pè ní wẹ́ẹ̀jì, tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ihò bá ti sún mọ́ tòsí.

Ní àwọn ọdún 1970, ojú irin 7 sábà máa ń tẹ̀ sẹ́yìn tó dígírì 36 sí 40. Wẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń kọ P sí lára, máa ń tó nǹkan bíi 50. Lónìí, nínú àwọn irin tí wọ́n ṣe nítorí jíjìnnà, irin 7 ti di nǹkan bíi 28 sí 30, wẹ́ẹ̀jì P sì ti di nǹkan bíi 41 sí 44. Bí a bá fi ojú òṣùwọ̀n wò ó, irin tí wọ́n ń pè ní 7 lónìí ni àwọn bàbá wa ń pè ní 5. Kò sí òfin tí wọ́n rú. R&A ní Scotland àti USGA ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n jùmọ̀ ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo ayé, kò sọ iye dígírì tí irin tí a kọ 7 sí gbọ́dọ̀ ní. Ẹni tí ó ṣe irin ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ, bí ó ti wù ú ni ó sì lè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìbínú ṣe ìdájọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kàn pa nọ́ńbà dà lásán. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Karsten Solheim, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó di ará Amẹ́ríkà, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ General Electric. Òun ni ó ṣe ọ̀pá Ping ní 1959, èyí tí a fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, tí ó sì sọ ọ́ ní Ping nítorí bí ó ti ń dún. Ọgbọ́n tí ó lò ni pé ó gbé ìwúwo irin kúrò láàárín, ó pín in sí etí yíká, kí irin má baà yí lọ́wọ́ ẹni tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù ní àárín gan-an. Nígbà tí irin Ping Eye2 jáde ní 1982, gbogbo ayé gọ́ọ̀fù ni ó rí i pé ọgbọ́n náà wúlò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yọ́ dáadáa.

Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e tún fi ti wọn kún un. Wọ́n sọ ojú irin di pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí ó ń ta bọ́ọ̀lù padà bí ìgbà tí a bá na awọ ìlù. Wọ́n sọ inú irin di òfìfo, irú P790 tí TaylorMade gbé jáde ní 2017, tí wọ́n fi fóòmù kún inú rẹ̀. Wọ́n kó ìwúwo lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí sì ń mú kí bọ́ọ̀lù tètè gòkè. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń tètè gòkè bẹ́ẹ̀, tí ojú irin sì tún tẹ̀ sẹ́yìn bíi ti àtijọ́, ojú ọ̀run nìkan ni bọ́ọ̀lù yóò máa fò lọ. Ìdí rèé tí wọ́n fi ní láti mú ojú irin nàró díẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀tàn pátápátá ni, kò ṣe òtítọ́.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Èjìká rẹ̀ kò yí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ a sì máa rìn nílẹ̀ bí ejò. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti fi àwọn irin tuntun wọ̀nyí ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ó ti tún ń rí bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lójú ọ̀run. Ó sọ fún mi pé ṣe ni ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ ayé òun. Bí mo bá ní irin yìí kò dára fún irú ẹ̀gbọ́n mi yìí, irọ́ ni mo pa.

Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò bá lára mu. Ọwọ́ mi kò tíì rẹ̀, irin mi àtijọ́ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Irin 7 rẹ̀ a máa gbé bọ́ọ̀lù lọ ní nǹkan bíi yáàdì 145 fún mi, lójoojúmọ́, bí ẹni ń ka ìṣirò. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi irin 7 wọn yangàn pé ó ti kọjá 160, ojú sì tì mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: owó tí mo fi ra irin tuntun, owó páànù ilé tí mo ń kọ́ ní ìlú wa ni. Ìyá àwọn ọmọ kò bá mi jà. Nígbà tí mo tú báàgì náà sílẹ̀ ní pálọ̀, ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá wọn, ṣé irin yìí ni a ó fi bo ilé ni?” N kò rí èsì fún un.

Ìdíje ẹgbẹ́ wa dé ní àsìkò ọyẹ́. Mo dé ihò ìkẹyìn, ó ku yáàdì 145 sí àsíá. Ọmọkùnrin tí ó ń bá mi gbé báàgì láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ọmọ ìlú níbí, na irin 9 sí mi. Ó ní, “Oga, tara ta isa,” èyí ni pé mẹ́sàn-án ti tó. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wo wa lábẹ́ igi. Mo rántí pé ẹni tí ń gbá irin 9 ní yáàdì 145 gbọ́dọ̀ jẹ́ akọni, n kò sì gbà á gbọ́ nínú ọkàn mi pé mo tó bẹ́ẹ̀. Mo fa irin 8 yọ. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó dára lójú, ó balẹ̀ sí àárín gíríìnì, ó ta, ó tún ta, ó yí kọjá lọ́dọ̀ àsíá, ó sì wọ inú igbó lẹ́yìn. Mẹ́fà ni mo fi parí ihò náà. Ẹni tí a jọ ń gbá, irin rẹ̀ ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó mú irin 7, bọ́ọ̀lù rẹ̀ balẹ̀ síwájú gíríìnì, ó rọra yí gun orí rẹ̀, ó sì fi mẹ́rin parí. Àmì méjì náà ni ó fi borí mi.

Ọmọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òun ni ó tọ̀nà. Kò wo nọ́ńbà ara irin. Ibi tí bọ́ọ̀lù mi ń balẹ̀ sí ni ó ti ń wò láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Irin 9 tuntun náà, bí a bá wọn ojú rẹ̀, irin 7 àtijọ́ mi ni. Èmi ni mo jẹ́ kí orúkọ tàn mí jẹ.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù náà kò fi dúró? Nígbà tí ojú irin bá tẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, yóò mú kí bọ́ọ̀lù máa yí sẹ́yìn kíákíá bí ó ti ń fò lọ, yíyí yìí ni ó sì máa ń gbé e dúró bí ó bá balẹ̀. Irin tí ó nàró kì í mú bọ́ọ̀lù yí sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tí gíríìnì rọ̀ bíi tìmùtìmù, ìyàtọ̀ náà lè má hàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní Òkè Ọya, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ilẹ̀ a máa le bí àpáta. Àwọn pápá kan sì wà tí kì í ṣe koríko ni ó yí ihò wọn ká, bí kò ṣe iyanrìn tí a fi epo pò. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù tí kò mọ ìdúró kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì tí àwọn tí ń lo irin wọ̀nyí ń ròyìn ni pé a kì í mọ èyí tí yóò ṣe. Bí koríko bá wọ àárín ojú irin àti bọ́ọ̀lù, tàbí bí ìgbá kan bá kàn bọ́ sí ibi tí ojú irin ti ń ta jù, bọ́ọ̀lù lè ṣàdédé fò kọjá ibi tí ó máa ń dé pẹ̀lú yáàdì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí irin yòówù, ṣùgbọ́n èyí tí ojú rẹ̀ bá tín-ín-rín, tí kì í sì í yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn púpọ̀, ni ó máa ń hàn jù lára rẹ̀. Ọdẹ tí ọfà rẹ̀ kọjá orí ẹran àti ọdẹ tí ọfà rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹran, ọbẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò jẹ.

Ohun kẹta ni ó kan àpò jù lọ. Òfin sọ pé ọ̀pá mẹ́rìnlá péré ni ẹnì kan lè gbé wọ pápá; USGA ṣe é ní 1938, R&A sì tẹ̀lé e ní 1939. Bí wẹ́ẹ̀jì P bá ti di dígírì 43, tí wẹ́ẹ̀jì tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú kòtò iyanrìn sì wà ní 56 bíi ti àtẹ̀yìnwá, àlàfo dígírì mẹ́tàlá ni ó wà láàárín wọn. Kí ni ẹ ó fi gbá bọ́ọ̀lù tí ó bá bọ́ sí àlàfo náà? Ẹ ní láti padà lọ ra wẹ́ẹ̀jì kan tàbí méjì sí i. Irin tí ẹ ń padà lọ rà yìí, ohun tí wẹ́ẹ̀jì P àtijọ́ yín ń ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni yóò máa ṣe. Wọ́n gba tọwọ́ yín, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n sì tún tà á fún yín. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, irin 4 àti 5 tuntun ti nàró débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè gbé bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń sùn nínú báàgì láti ọdún dé ọdún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àwa tí iṣẹ́ ń gbé kiri. Ìlú Jọ́s ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ ju ti Èkó lọ, kò sì dí bọ́ọ̀lù lọ́nà tó bẹ́ẹ̀; irin kan náà, ọwọ́ kan náà, bọ́ọ̀lù yóò lọ jìnnà sí i ní Jọ́s. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá gbé kúrò ní Èkó lọ sí Jọ́s, tí ó sì ra irin tuntun ní ọ̀sẹ̀ náà, yóò máa yin ilé iṣẹ́ tí ó ṣe irin fún iṣẹ́ tí òkè Jọ́s ṣe. Ọjọ́ tí ó bá padà sí ẹ̀bá òkun ni yóò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé jíjìnnà ni ẹwà gọ́ọ̀fù, àti pé ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn láti máa wo bọ́ọ̀lù tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ Trackman wọ̀n wọ́n, nǹkan bíi yáàdì 140 ni irin 7 wọn ń gbé bọ́ọ̀lù dé ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ wọn tó nǹkan bíi 170. Kò sí ọkùnrin kan ní ẹgbẹ́ wa tí ó lè bá èyí tí ó kéré jù nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí gbá ihò méjìdínlógún kí ó borí. Ohun tí wọ́n fi ń borí kì í ṣe nọ́ńbà. Wọ́n mọ̀ pé 140 ni àwọn yóò gbá, 140 náà ni wọ́n sì ń gbá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irin, kí ó kọ́kọ́ bèèrè iye dígírì ojú irin kọ̀ọ̀kan kí ó tó bèèrè iye owó. Kí ó gbá irin tuntun pẹ̀lú irin àtijọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, irú bọ́ọ̀lù kan náà, kí ó sì fi dígírì wé dígírì, kí ó má ṣe fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Kí ó gbá bọ́ọ̀lù ogún pẹ̀lú irin kọ̀ọ̀kan, kí ó yọ èyí tí ó jìnnà jù àti èyí tí ó kúrú jù kúrò, kí ó sì kọ ibi tí ìyókù ń balẹ̀ sí sínú ìwé kékeré. Kí ó ka wẹ́ẹ̀jì rẹ̀ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí owó má baà jáde lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tún un wọ̀n ní àsìkò ọyẹ́ àti ní àsìkò òjò, àti nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Kí ó sì ṣọ́ra fún ayédèrú, nítorí irin tí ó bá gbajúmọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù.

Ẹni tí agbára rẹ̀ ti ń rẹ̀yìn bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, kí ó ra irin náà pẹ̀lú ìdùnnú. Ẹni tí irin rẹ̀ àtijọ́ bá ṣì ń jẹ́ ìpè rẹ̀, kí ó fi owó rẹ̀ ṣe ohun mìíràn. Kí olúkúlùkù wa sì máa fetí sí ọmọ tí ó ń gbé báàgì fún un, nítorí ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù nígbà tí ojú tiwa wà lára àwọn tí ń wo wa.

N kò ta irin mi. Mo ti fi gọ́ọ̀mù bo gbogbo nọ́ńbà ìdí wọn, mo sì ní kí ọmọkùnrin náà kọ yáàdì sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 145 ni ó kọ sí ibi tí 9 wà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù mi ti ń dúró lórí gíríìnì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé tí mo ń kọ́ ní ìlú wa kò tíì ní òrùlé, àkókò òjò sì ti ń bọ̀. Owó tí ó bá tún wọlé báyìí, páànù ni yóò rà.